Àtàǹpàkò Tí Mo Yá Bàbá Mi

Bàbá mi ò ní àtàǹpàkò. Mi ò sọ pé wọ́n gé e o. Ó wà níbẹ̀, ó ki, ó le bí òkúta, àmọ́ kò sí nǹkan kan lára ẹ̀. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí Ọlọ́run fà sí ìka gbogbo èèyàn, sìmẹ́ǹtì ti jẹ tiẹ̀ tán. Bíríkìlà ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fọwọ́ lásán po sìmẹ́ǹtì, tó ń to búlọ́ọ̀kù. Púpọ̀ nínú àwọn fẹ́ǹsì gíga tó wà ní Ogudu GRA yẹn, òun ló mọ ọ́n, tó bá sì ti mọ ọ́n tán, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Tó bá gbá ẹ létí, á dà bíi pé wọ́n fi sándípépà nù ẹ́ lójú. Mo mọ̀ bó ṣe ń rí, torí wọ́n nù mí dáadáa.

Èmi ní àtàǹpàkò. Ká má parọ́, òun nìkan ni mo ní. SS2 ni mo ti kúrò nílé-ìwé. Àwọn kan máa ń ní àwọn fi ilé-ìwé sílẹ̀. Tèmi, ilé-ìwé ló fi mí sílẹ̀, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Government ni mo ti máa ń fìdí rẹmi jù. Wọ́n ní ká sọ ohun tí demokirésì jẹ́, mo kọ ọ́ pé irú ìjọba kan ni tó ń gbé ní Abuja. Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé kí n wá rí òun. Mi ò tíì lọ rí i. Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń lẹ táyà ní Mile 12. Oṣù kẹrin ló lé mi dànù, torí mo fi odindi wákàtí kan lẹ táyà tí ò jò, mo sì dá èyí tó ń jò padà fún oníbàárà.

Kétu là ń gbé, yàrá kan lókè, lápá ẹ̀yìn. Lánlọ́ọ̀dù wa wà nísàlẹ̀. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Baba Sójà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní bẹ́ǹṣì kan níwájú ilé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rédíò ẹ̀, àwọn ayálégbé á pé lé e lórí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣáá.

"Sójà ló dáa jù! Láyé tiwa, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó da pàǹtí sí gọ́tà? Ẹ wo tiransífọ́mà yẹn. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti jó, ẹyẹ ti yé ẹyin sí i. Demokirésì yín rèé!"

Àwọn ayálégbé á ní "hẹn-ẹn." Ta ló máa bá lánlọ́ọ̀dù jiyàn? Bàbá mi nìkan ni. Á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tibi iṣẹ́ bọ̀, sìmẹ́ǹtì á ṣì wà lára irun apá ẹ̀, á dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Baba Sójà, iná ayé tiyín náà máa ń lọ. Ẹ kàn kì í jẹ́ ká sọ pé ó lọ ni."

"Ẹ máa sọ ọ́ nísinsìnyí náà. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán, ṣé ó máa ń dé ni?"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó máa ń dirun lójúlé, á pariwo látòkè: "Èyí tó bá lè fa omi wọ ilé yìí nínú yín, ì báà jẹ́ sójà, ì báà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, òun ni mo bá lọ!"

Mo bi bàbá mi léèrè lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàámi, kí lẹ tiẹ̀ rí nínú ìjọba tiwa-n-tiwa yìí? Iná ò sí, omi ò sí, èmi náà rèé mi ò níṣẹ́."

Ó ní, "Ìwọ ò níṣẹ́ torí ọ̀lẹ ni ẹ́, má fi ti ìjọba kún un."

Ó wá sọ ìtàn kan fún mi, tó jẹ́ pé àìmọye ìgbà ló tún un sọ lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ ìbò tí àwọn sójà padà fagi lé ni, èmi ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà. Wọ́n tò sórí ìlà nínú oòrùn. Bàbá mi gbójú wẹ̀yìn, ta ló rí? Baba Sójà, nínú àgbàdá funfun, tó ń làágùn bí ìkòkò omi. Lánlọ́ọ̀dù, ẹni tí kì í dá a lóhùn tó bá kí i láàárọ̀, fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

"Ó sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́' fún mi," bàbá mi wí. "Èmi yìí!"

"Ṣé ẹ sún?"

"Mo sún. Àmọ́ mi ò kánjú."

Á rẹ́rìn-ín tó bá débẹ̀. Á wá dijú. "Ìyẹn ni mo rí níbẹ̀. Iná á wá, iná á lọ. Orí ìlà yẹn nìkan ni ẹni tó jù mí lọ ti dúró lẹ́yìn mi rí láyé, tó ń retí kí n ṣe tèmi tán."

Nígbà tí àwọn sójà lọ, ó dìbò lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ Baba Sójà ò yọjú. Ó ní òun ò bá alágbádá ṣeré mọ́. Bàbá mi ń retí ẹ̀ ṣáá. Ó máa ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá rántí: àgbàlagbà tó ń fi ọdún mẹ́rin mẹ́rin retí kí ẹnì kan tún bẹ òun pé kóun sún.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ní káàdì ìdìbò àtijọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n gbé mẹ́ṣìnnì dé tó ń ya fọ́tò, tó sì ń wo ìlà ìka. Mẹ́ṣìnnì kan ṣoṣo fún gbogbo agbègbè wa, níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi lọ tò, kò lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta ni mo gbé búrẹ́dì lọ bá a, ká sọ òótọ́, mo fẹ́ lọ wò ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí mo ṣe dé ló kàn án.

Aunty tó ń tẹ mẹ́ṣìnnì ní kó gbé àtàǹpàkò lé e. Ó gbé e lé e. Iná pupa. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún gbé e. Pupa. Ọwọ́ òsì. Pupa. Gbogbo ìlà wá di dókítà.

"Baba, ẹ fi pa orí yín, epo orí á jẹ́ kó mú!"

"Orí tó pá? Epo wo ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́!"

"Ẹ lá a!"

Obìnrin kan ní ẹ̀yìn ní, "Ẹ bi í dáadáa o, àwọn olè ló máa ń jó ìka wọn kí ọlọ́pàá má bàa mọ̀ wọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ kọ̀ ọ́.

Aunty nawọ́ sí iná pupa yẹn. "Daddy, ẹ má bínú. Mẹ́ṣìnnì ní kò sí èèyàn níbí."

"Ẹ wò mí dáadáa, Aunty. Èmi rèé."

"Mo rí yín, sà. Òun ni ò rí yín."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí báyìí, ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣèèyàn gidi. Àmọ́ bó ṣe ń wo ọwọ́ ẹ̀ yẹn, bíi pé ọwọ́ yẹn ló dalẹ̀ ẹ̀, ọkàn mi ò gbà á. Mo ki ọwọ́ mi gba abẹ́ apá ẹ̀, mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé gíláàsì yẹn. Aunty wò mí. Ó yíjú sí jẹnẹrétọ̀. "Jẹnẹrétọ̀ yìí máa tó gbẹ epo o," ló ń sọ. "Mi ò rí nǹkan kan."

Pìì. Iná gíríìnì. Káàdì jáde, ó gbóná fẹlifẹli: ojú bàbá mi, ìka tèmi.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jayé orí ẹ̀. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, mo máa ní, "Bàámi, ẹ rọra o, tí mo bá gba àtàǹpàkò mi padà, ẹ ò lè dìbò mọ́." Á ní Ọlọ́run á san án fún mi. Ó wé káàdì yẹn sí ọ̀rá, ó tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí iṣẹ́ ẹ̀, lábẹ́ tíráwẹ̀lì. Èmi ò gba káàdì tèmi. Ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà? Mo ti yá àtàǹpàkò mi síta.

Baba Sójà náà gba káàdì. Ó ní torí báǹkì ni, kóun lè rí nǹkan fi hàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ní ilé bọ́ọ̀lù, ibi tí a ti máa ń wo máàṣì. Òun ló ń ṣe òṣèlú àdúgbò fún ẹgbẹ́ kan. "Akọ̀wé" ló máa ń pè mí, ó fi ń bú mi ni. Ọjọ́ Fúráìdè tí ìbò máa wáyé lọ́la ẹ̀, ó na ìka sí mi lọ́sàn-án gangan.

"Akọ̀wé! Iṣẹ́ ọ́fíìsì dé. Àwọn tó lè kàwé ni mo ń wá."

Ẹ gbọ́, inú mi dùn. Mo lọ wọ ṣáátì tí kọ́là ẹ̀ dúró. Àwa mẹ́fà ló kó lọ sílé kan ní Ìkòsí. Ìrẹsì wà nílẹ̀, ẹran wà lórí ẹ̀. Ìwé ìbò wà lórí tábìlì, ní bọ́ńdù bọ́ńdù, pẹ̀lú páàdì íǹkì aláwọ̀ àlùkò. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún wa. A jẹ ìrẹsì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ìbò. Mo mọ ọ́n tẹ̀! Kò fọ́n, kò kọjá ìlà. Ẹ̀gbọ́n gbé tèmi sókè, ó ní kí àwọn yòókù wá wo iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnì kan máa fi ìwé mi hàn àwọn èèyàn pé ó dáa.

Ìyẹn ló jẹ́ kó gbé mi kúrò nídìí páàdì, ó gbé ìwé orúkọ fún mi, pẹ̀lú bírò. Orúkọ àwọn tó máa wá dìbò ládùúgbò wa ni, fọ́tò kálukú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀.

"Ìwé yìí ni wọ́n máa lò lọ́la. Máa máàkì wọn pé wọ́n ti dìbò," ó ní. "Àmọ́ fi ẹni méjì méjì sílẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kó lè jọ òótọ́. Méjì o, Akọ̀wé. Mo máa kà á."

Àṣé èmi ló máa yan ẹni tó máa dìbò ní Kétu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín in bí ẹni ń pín súìtì. Mo fi ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù sílẹ̀, torí ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo máàkì ọ̀gá mi àtijọ́ tó lé mi níbi táyà, mo fi agbára tẹ bírò yẹn. Nígbà tó yá, mo kan fọ́tò Baba Sójà, ó fajú ro bíi pé wọ́n fẹ́ yìnbọn fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òun náà, kó lọ jẹ oòrùn díẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Lójú ewé kan náà, mo fi ìyá àgbà kan sílẹ̀ torí ojú ẹ̀ jọ ti ìyá ìyá mi. Méjì pé. Mo máàkì àwọn tó kù, fìà, fìà, fìà.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni bàbá mi wà. Ó na ọrùn nínú fọ́tò yẹn bíi pé ẹnì kan ní kó sún síwájú.

Mo dúró. Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta lójú ewé yìí. Bàbá mi rèé."

Ó wá wò ó. "Bàbá ẹ? Ṣé ẹgbẹ́ tiwa ló máa dìbò fún?"

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé rárá.

"Méjì ni mo sọ. Àbí iṣẹ́ yìí ti sú ẹ?"

Mo lè sọ pé ó ti sú mi. Ẹnu ọ̀nà ò tì. Ìbọn ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lù mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán. Mo tún sọ fún ara mi pé àwọn tó ń gbé ẹrù ìbò lè má dé rárá, pé oòrùn á lé bàbá mi wálé. Mo máàkì í. Máàkì yẹn dúró gbọnrangandan, kò sí èyí tó dáa tó o nínú ìwé yẹn.

Mo dé ilé, mo fi ọṣẹ fọ àtàǹpàkò mi, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn ha á. Àlùkò ni ṣáá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi lọ aṣọ. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, pé kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹni tí ò mọ demokirésì. Mo tẹ̀ lé e. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, ibẹ̀ ló wà jálẹ̀ ọjọ́ yẹn. Mo lọ dúró lábẹ́ ìbòòji lódìkejì títì. Àwọn tó gbé ẹrù ìbò ò tètè dé. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n má dé mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé. Bàbá mi ò lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni wọ́n dé. Bí ìlà ṣe ń sún, ta ni mo rí tó ń bọ̀? Baba Sójà, pẹ̀lú agboòrùn. Ó ní òun ti jókòó sílé títí, ó sú òun, kóun wá wo eré àwọn alágbádá. Àwọn tó wà lẹ́yìn bàbá mi ní kó bọ́ síbí, torí ó ti dàgbà. Ẹ̀yìn bàbá mi gan-an ló bọ́ sí.

Bàbá mi wá ojú mi lódìkejì títì. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ẹ̀, bíi pé ó ń sọ pé: ṣé o rí i? Mi ò tíì rí ojú ẹ̀ kó dùn bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì rí i mọ́ látìgbà náà.

Ó kàn án. Bọ̀dá tó jókòó sídìí ìwé wo káàdì, ó ṣí ojú ewé, ó fi ìka tọ ọ́ wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

"Baba, ẹ ti dìbò."

"Èmi kọ́ o. Ẹ tún un wò."

"Ẹ̀yin rèé, fọ́tò yín rèé. Wọ́n ti máàkì yín."

"Ta ló máàkì mi? Látàárọ̀ ni mo ti dúró síbí!" Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Íǹkì dà lọ́wọ́ mi? Ẹ wo ọwọ́ mi!"

Ẹnì kan pariwo láàárín ìlà: "Baba fẹ́ dì í lẹ́ẹ̀mejì! Àwọn àgbààyà wọ̀nyí!" Òmíràn ní, "Àbí òun náà ni bàbá tí mẹ́ṣìnnì ò rí lọ́jọ́sí?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá kan ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá mi ṣì na ọwọ́ sókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́.

Baba Sójà fọwọ́ kàn án léjìká. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo lè búra. Oòrùn ń pa á ni.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ sún díẹ̀."

Bàbá mi sún. Kíá ló sún lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wá orúkọ Baba Sójà, wọn ò tíì máàkì í, wọ́n fún un níwèé, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń wo íǹkì ọwọ́ ẹ̀ bíi pé ìgbẹ́ adìyẹ ni.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi gbé ẹ̀bà kalẹ̀. Abọ́ kan náà ni èmi àti bàbá mi ti máa ń jẹun. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣíbí.

"Ṣíbí fún ẹ̀bà?" ìyá mi ní. "Ìgbà wo lo di òyìnbó?"

Mo na ọwọ́ òsì sí abọ́. Ìyá mi gbá a dànù. "Ọwọ́ òsì, nínú abọ́ bàbá ẹ! Ṣé orí ẹ ti dàrú ni?"

Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà mọ́. Mo yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde nínú àpò, mo ki í bọ abọ́. Àtàǹpàkò mi yọ gedegbe lórí ẹ̀bà funfun yẹn, àlùkò ni ṣáá.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Hẹn? Ìwọ lọ dìbò? Ṣebí o ò ní káàdì?"

Bàbá mi wo ìka yẹn. Ó wò mí lójú. Òkèlè wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó rọra dá a padà sínú abọ́. Mo ń retí ìgbájú. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ ẹ, mo tiẹ̀ ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ fún un. Ó fọ ọwọ́ ẹ̀. Ó lọ sídìí àpótí iṣẹ́, ó gbé tíráwẹ̀lì kúrò, ó mú káàdì yẹn jáde nínú ọ̀rá ẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.

"Gbà," ó ní. "Ìka ẹ ló wà nínú ẹ̀."

Àwọn èèyàn máa ń sọ lórí rédíò pé ebi àti òkùnkùn ló ń jẹ́ kí ìjọba tiwa-n-tiwa sú aráàlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ebi pa bàbá mi, òkùnkùn bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sú u. Mo mọ ohun tó sú u. Mo fi bírò kọ ọ́, nínú ṣáátì tí kọ́là ẹ̀ dúró.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, Baba Sójà bẹ̀rẹ̀ orin ẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo dúró kó dáhùn látibẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ délẹ̀, ó lọ bá wọn nídìí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé wọ́n padà jẹ́ kẹ́ ẹ dìbò lánàá?" Baba Sójà bi í.

"Ọmọ mi ti bá mi tẹ̀ ẹ́," bàbá mi ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Baba Sójà ní sójà ló dáa jù. Àwọn ayálégbé ní "hẹn-ẹn," mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé kí Baba Sójà jọ̀ọ́, kó sún díẹ̀, kóun rí ibi jókòó.